Ẹ̀rọ Ọlọ́nà Mẹ́rin

Ẹ gbọ́ o. Bí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan bá jẹ́ irọ́ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí eyín mi máa já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú yín, kí n ṣà wọ́n sápò, kí n sì kó wọn relé. Mi ò bù mọ́ ọn, mi ò bù kúrò níbẹ̀. Ibi tó bá ti ga jù létí yín, bó ṣe ga náà nìyẹn.

Ọkùnrin kan wà tó ń to kọ̀ǹpútà, àwọn kọ̀ǹpútà orí tábìlì, èyí tí àpótí ẹ̀ máa ń dúró bí ẹni tó ń retí kí wọ́n kí òun. Yìnyín là ń pè é. Kì í ṣe torí pé ó funfun, dúdú ni, dúdú kirikiri. A ń pè é ní Yìnyín torí pé kò sóhun tó lè mú un gbóná. Iná ràn lára wáyà lórí tábìlì ẹ̀ lọ́jọ́ kan, iná gidi, tó ga tó èèyàn méjì tó gun èjìká ara wọn. Yìnyín wò ó. Ó de súkúrú tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ tán, ó wá rọra sún ife tíì ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ó má baà gbóná jù. Ajá kan bù ú jẹ lẹ́sẹ̀ ní kọ̀rọ̀ òpópónà. Yìnyín dúró, ó ń wo ajá, ajá ń wò ó. Nígbà tó yá, ajá ló bẹ̀bẹ̀.

Àmọ́ wọn ò bí i bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin wà láyé, ẹ̀rín ọkùnrin yìí máa ń mú kí ọ̀dà ara ògiri ṣí. Inú yàrá kan náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, yàrá tó kọjú sí òpópónà níwájú ilé ìyá wọn. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin náà, títí kan àwọn arúgbó tó lè bí i. Òun ló kọ́ àbúrò ẹ̀ níṣẹ́, tòun ti ẹ̀fẹ̀, tòun ti ìfọ́tí. Ìka Ẹ̀gbọ́n mọ iṣẹ́ débi pé, bó bá gbé ọwọ́ lé àpótí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà á jẹ́wọ́ ohun tó ń ṣe é kí wọ́n tó tú u.

Bó ṣe kọ́ ọ nìyí. Ó ní, "Ìwọ olórí líle, gbọ́ mi. Inú ẹ̀rọ yìí, bíríkìlà kan wà níbẹ̀. Òun ni ọpọlọ ẹ̀rọ. Ráàmù ni ibi tí wọ́n to búlọ́ọ̀kù sí. Ọ̀nà wà láàárín àwọn méjèèjì. Bíríkìlà ẹ lè yára bí ìjì, bó bá jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà gbé búlọ́ọ̀kù wá fún un, kí ni yóò máa ṣe?"

"Á máa dúró."

"Á máa dúró, á máa ka eṣinṣin! Gbogbo èèyàn ń bèèrè bí bíríkìlà ṣe yára tó. Ta ló ń bèèrè ọ̀nà?"

Àwọn tó kàwé iṣẹ́ náà ń pe ọ̀nà yẹn ní bọ́ọ̀sì. Ẹ̀gbọ́n ò pè é bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀nà ni, ọ̀nà náà ló ń jẹ́. Ó ní ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù tó wà lọ́jà, pátákó tí wọ́n to gbogbo inú ẹ̀rọ lé, ọ̀nà méjì ló ní. Àwọn kan wà tó ní mẹ́rin, bọ́ọ̀dù ńláńlá tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ agbára, wọ́n ti pẹ́ díẹ̀, ráàmù wọn ò sì yára tó ti ìsinsìnyí. "Àmọ́ sọ fún mi," á wí, á máa fi sukurudíráfà gbá a lórí, "bó o bá fẹ́ kó ẹrù, ṣé eléré ìje méjì lo máa pè, àbí alábàárù mẹ́rin tó ń rìn kíákíá?"

Ẹ̀gbọ́n sì ní àṣà kan lẹ́nu iṣẹ́. Kì í parí ẹ̀rọ tí olówó ẹ̀ ò bá tíì dé. Yóò to gbogbo ẹ̀ tán, yóò ku ráàmù kan, pátákó pẹlẹbẹ yẹn tó gùn tó ìka ọwọ́. Yóò jù ú sápò aṣọ iṣẹ́ ẹ̀. Ọjọ́ tí ẹni tó ń gbé ẹ̀rọ náà lọ bá dé, yóò ní kí ó jókòó, yóò wo ojú ẹ̀ dáadáa, ìgbà yẹn ni yóò tó fa ráàmù yọ lápò, tí yóò sì tì í sínú ihò, kẹ́. Ó ní òun ò lè parí nǹkan fún ẹni tí òun ò mọ ojú ẹ̀.

Nígbà òjò tó kọjá, orí ń fọ́ Ẹ̀gbọ́n. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ ẹ̀, ó fi kọ́ ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó ní òun ń lọ rí dókítà, òun ń bọ̀. Kò bọ̀.

Ọ̀rọ̀ ò pọ̀ níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Yìnyín ti di Yìnyín. Kò sunkún. Nígbà tí àwọn èèyàn ń sunkún, ó ń gbé àga fún wọn. Àárọ̀, yóò ṣí ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́, yóò tan ẹ̀rọ tí Ẹ̀gbọ́n tò kẹ́yìn, ẹ̀rọ ọlọ́nà mẹ́rin kan tó wà ní kọ̀rọ̀, yóò jókòó, yóò máa gbọ́ bí fáànù ẹ̀ ṣe ń yí. Ìrọ̀lẹ́, yóò pa á, yóò fi aṣọ bò ó. Kò ṣí ìdérí ẹ̀ wò rí. Aṣọ iṣẹ́ wà lórí ìṣó. Bí ó bá ń kọjá lẹ́bàá ẹ̀, ó máa ń yẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń yẹ àgbà tó sùn. Oníbàárà á dé, á ní, "Ẹ bá mi tún èyí ṣe." Yìnyín á ní, "Kò burú." Oníbàárà á padà lọ́sẹ̀ kejì, ẹ̀rọ ẹ̀ wà níbi tó gbé e sí gan-an. Àwọn oníbàárà wá ń lọ sí òdìkejì títì, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí à ń pè ní Mọ̀nàmọ́ná.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá wọn wọlé, ó jókòó sórí àga oníbàárà.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Màmá."

"Kí lo jẹ?"

Yìnyín ronú. Ó ronú gan-an, ẹ ó rí i níwájú orí ẹ̀. "Mi ò rántí."

Ìyá wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó yára mójú kúrò níbẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, mò ń gba iwájú ilẹ̀kùn yìí kọjá lójoojúmọ́. Tẹ́lẹ̀, ariwo ni mo máa ń gbọ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì ò jẹ́ kí n sinmi. Nísinsìnyí, ó dákẹ́. Mi ò lè gba ìdákẹ́ yẹn mọ́ra mọ́. Bí iṣẹ́ bá wà níbí, jẹ́ kí n gbọ́ iṣẹ́. Bí kò bá sí, kí oṣù yìí tó parí, n ó gbé yàrá yìí fún onídìrí. Ó kéré tán, àwọn obìnrin á máa rẹ́rìn-ín níbẹ̀."

"Ẹ̀rọ ńkọ́?"

"Èwo? Èyí? Níbo la fẹ́ gbé e sí? Tú u tà."

"Kò burú," ni Yìnyín wí.

Kò dùn ún. Kò sóhun tó ń dùn ún. Ó kàn jẹ́ pé, nínú gbogbo ayé tí kò ní ìtọ́wò lẹ́nu ẹ̀ mọ́, yàrá yìí nìkan ni ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi sukurudíráfà gbá a lórí. Bí wọ́n bá gba yàrá náà, kò mọ ibi tí yóò lọ jókòó sí láti má ṣe nǹkan kan.

Onídìrí ò tiẹ̀ dúró kí oṣù parí. Ọ̀sán ọjọ́ náà ló wọlé, ọmọbìnrin kan tí ẹnu ẹ̀ ń sáré ju abẹ́rẹ́ ẹ̀ lọ. Ó na apá ẹ̀ méjèèjì, ó ń fi wọn ògiri.

"Bọ̀ọ̀dá Yìnyín, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde díẹ̀. Ibi tí ẹ jókòó sí yìí, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun máa wà."

Yìnyín dìde. Ó tún gbé àga fún un kí ó lè rí ibẹ̀ dáadáa.

"Ẹ ò tiẹ̀ bá mi jà?"

"Kí ni n ó jà sí?"

"Háà. Bọ̀ọ̀dá, ẹ máa dẹ́rù bà mí o."

Ẹnu èyí ni wọ́n wà tí obìnrin kan fi kan ilẹ̀kùn. Awọnlẹ̀ ni obìnrin náà, ẹni tó ń wọn ilẹ̀ tó ń ya àwòrán ẹ̀. Bàtà ẹ̀ gùn dé orúnkún, ẹrẹ̀ tó ti gbẹ wà lára ẹ̀ tó láti fi kọ́lé. Ó ní òun ń wá ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà. Ó ní ohun kékeré kan tó ń fò ló máa ń ya àwòrán ilẹ̀ fún òun láti òkè, àwòrán tó pọ̀ bí ewé, kọ̀ǹpútà ni yóò sì rán gbogbo ẹ̀ pọ̀ di àwòrán ńlá kan.

"Èyí tí mò ń lò," ni Awọnlẹ̀ wí, "bí mo bá tẹ̀ ẹ́ pé kó rán an, n ó lọ wẹ̀, n ó jẹun, n ó bá ọkọ mi jà, n ó bẹ̀ ẹ́, n ó padà dé, kò tíì dé ìdajì. Wọ́n ní ọpọlọ ẹ̀ yára o. Kí ló wá ń ṣe é?"

"Ọ̀nà ẹ̀ ló há," ni Yìnyín wí. Ọ̀rọ̀ náà kàn jáde ni. Ó pẹ́ tó ti sọ nǹkan tó ju kò burú lọ.

Awọnlẹ̀ wò ó. "Ẹni tó kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀ ọ̀nà nìyí. Ọkùnrin òdìkejì títì yẹn, ìmọ́lẹ̀ ló ń fi hàn mí. Ó dáa. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ gbé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wá sí ọ́fíìsì mi lọ́la. N ó dán wọn wò lójú yín. Èyí tó bá yege, mi ò ní jẹ́ kí ó padà sílé. Ẹni tó tò ó ni yóò sì máa to gbogbo ẹ̀rọ ọ́fíìsì wa láti ìsinsìnyí lọ."

Nígbà tó lọ, Yìnyín wo àyíká yàrá. Àwọn bọ́ọ̀dù tó wà nílẹ̀, ọlọ́nà méjì ni gbogbo wọn, àwọn mìíràn ò tiẹ̀ ní tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ní ọ̀nà mẹ́rin. Ó ro ó. Bí ó bá gbé e lọ tí ó yege, ẹ̀rọ lọ, yàrá dúró. Bí kò bá gbé e lọ, yàrá lọ, ẹ̀rọ náà á sì tẹ̀ lé e. Ó dúró kí nǹkan kan sọ̀rọ̀ nínú àyà ẹ̀. Kò sóhun tó sọ̀rọ̀. Ó wá okùn, ó di ẹ̀rọ náà.

Ọ́fíìsì Awọnlẹ̀ gùn, tábìlì kan ló gba gbogbo inú ẹ̀, bébà ràgàjì tí wọ́n ká wà lórí ẹ̀ bí ẹni tó sùn. Mọ̀nàmọ́ná ti débẹ̀. Ẹ̀rọ ẹ̀! Mo ti búra tẹ́lẹ̀, torí náà ẹ gbà mí gbọ́: ẹ̀rọ náà ń tàn débi pé adìyẹ tó wà níta rò pé ilẹ̀ tún ti mọ́. Ìhà kan àpótí náà jẹ́ gíláàsì kí gbogbo ayé lè rí inú ẹ̀. Fáànù ń tàn. Wáyà ń tàn. Ráàmù méjì dúró sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tímọ́tímọ́, ìmọ́lẹ̀ á gbéra lórí èkínní, á ṣàn bọ́ sórí èkejì bí omi.

"Yìnyín, ọ̀rẹ́ mi," ni Mọ̀nàmọ́ná wí. "Kí lo gbé wá yìí? Àpótí àwọn baba ńlá wa?"

"Ẹ̀rọ ni."

"Ó ti gbó, àní mo gbọ́ ọ tó ń wúkọ́!"

Awọnlẹ̀ ò dá wọn lóhùn. Ó fi iṣẹ́ kékeré kan sórí méjèèjì, iṣẹ́ tó ń wọn iye ẹrù tí ráàmù lè gbé dé ọ̀dọ̀ ọpọlọ ẹ̀rọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Gígábáìtì ni wọ́n fi ń kà á. Ti Mọ̀nàmọ́ná kọ́kọ́ jáde: mẹ́rìnlélógún. Ti Ẹ̀gbọ́n jáde: méjìlélógójì.

Mọ̀nàmọ́ná fọwọ́ nu ojú ẹ̀rọ bóyá ìdọ̀tí ló wà níbẹ̀.

"Irọ́ ni! Ìyá àgbà yìí? Ráàmù mi tuntun ni o! Kò sí èyí tó ń sáré tó o ládùúgbò yìí!"

Ìgbà yìí ni Yìnyín ṣe ohun tí àwa ò tíì lóye títí dòní. Ó yẹ kí ó dákẹ́. Ó ti borí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo inú gíláàsì Mọ̀nàmọ́ná, ó sì fi ohùn tí èèyàn fi ń sọ pé okùn bàtà ẹ ti tú sọ ọ́:

"Ráàmù ẹ méjèèjì wà lójú ọ̀nà kan náà. Ọ̀nà kejì ṣófo. Yọ ọ̀kan, fi àyè kan sílẹ̀ láàárín wọn."

"Mo mọ̀ọ́mọ̀ tò wọ́n bẹ́ẹ̀ ni! Bí mo bá fi àyè sílẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ò ní ṣàn mọ́. Á máa fò ni!"

"Jẹ́ kó máa fò."

Mọ̀nàmọ́ná wo Awọnlẹ̀, ó wo Yìnyín, ó wo ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ bí ẹni tó ń dágbére fún ọmọ tó ń lọ sójú ogun. Ó yọ ọ̀kan, ó sún un. Wọ́n tún wọ̀n ọ́n. Méjìdínláàádọ́ta.

"Hẹ̀ẹ́ẹ̀!" Mọ̀nàmọ́ná fò sókè, mi ò purọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. "Méjìdínláàádọ́ta! Ìyá àgbà, ẹ ǹlẹ́ o! Ẹ lọ sinmi!"

Yìnyín dúró síbẹ̀. Ó ti fi ọwọ́ ara ẹ̀ gbé yàrá fún onídìrí. Ó mọ̀ ọ́n. Ó dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ṣe é tí wọ́n sì wá sọ fún un.

Awọnlẹ̀ ò jó. Wíwọn nǹkan ni iṣẹ́ ẹ̀, kò fẹ́ràn nǹkan tí kò pé. Ó ṣí ìdérí ẹ̀rọ Ẹ̀gbọ́n, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i.

"Ihò ráàmù mẹ́rin ló wà níbí. Mẹ́ta ló kún. Èyí tó ṣófo yìí ńkọ́?"

Yìnyín wò ó. Ihò kan, gbọọrọ, dúdú, kò sí eruku kan báyìí nínú ẹ̀. Ọ̀nà mẹ́rin, mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́. Gbogbo àárọ̀ tó fi ń tan ẹ̀rọ yìí, tó ń gbọ́ fáànù, ẹ̀rọ tí kò tíì parí ló ń gbọ́.

"Ta ló tò ó?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, mà."

"Kí ló dé tí kò parí ẹ̀?"

"Olówó ẹ̀ ò tíì dé."

Awọnlẹ̀ pa tọ́ọ̀ṣì. Ó wo ojú Yìnyín. "Ẹ fi ẹ̀rọ méjèèjì sílẹ̀ níbí. Ẹ padà wá lọ́la lọ́sàn-án. Iṣẹ́ gidi ni n ó fi dán wọn wò, iṣẹ́ ìránpọ̀ yẹn gan-an. Bí ẹ bá rí ohun tó yẹ ihò yìí, ẹ mú un dání."

Yìnyín rìn gbogbo ọjà kọ̀ǹpútà já ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Irú ráàmù yẹn ò sí lóde mọ́. Ọlọ́jà kan ní, "Èyí? Wọn ò ṣe é mọ́." Òmíràn ní, "Bàbá mi lè ní ọ̀kan, ó fẹ́ràn àwọn nǹkan ayé àtijọ́." Ẹ̀kẹta pe àwọn ará ẹ̀ kí wọ́n wá gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí ń béèrè. Yìnyín ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ó ń rìn, ó ń béèrè, bẹ́ẹ̀ ó mọ ibi tí èyí tó ń wá wà. Ó ti mọ̀ ọ́n látìgbà tí tọ́ọ̀ṣì ti tàn sí ihò yẹn. Ìrìn yẹn kàn gùn ju rírìn láti orí àga dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lọ, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún un.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ṣí yàrá iṣẹ́. Kò sí ẹ̀rọ tí yóò tàn. Ó dúró níwájú ìṣó. Aṣọ iṣẹ́ náà aláwọ̀ búlúù ni, igun ọrùn ẹ̀ ti ṣá, èjìká ẹ̀ ṣì yọ díẹ̀ bí ẹni pé èèyàn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹ̀.

Ìyá ẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú onídìrí. Onídìrí ti gbé okùn ìwọ̀n gidi wá lọ́tẹ̀ yìí. Ó la ẹnu, ó rí ibi tí Yìnyín dúró sí, ó sì pa ẹnu náà dé. Ẹ̀yin tó mọ ọmọbìnrin yẹn, ẹ ó mọ̀ pé irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí.

Yìnyín ti ọwọ́ bọ àpò.

Ó ti ń bẹ̀rù ọwọ́ yẹn látọjọ́ pípẹ́. Ó rò pé bí òun bá tì í bọ ibẹ̀, nǹkan kan máa já. Òrùlé máa já, tàbí àyà òun. Ọwọ́ wọlé. Àpò ni. Aṣọ ni àpò. Ó dà bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ló yá lò.

"Kí ló wà níbẹ̀?" Ìyá ò wọlé, ẹnu ọ̀nà ló ti sọ ọ́.

"Ráàmù ni, Màmá."

"Kò sí nǹkan mìíràn?"

Ó tún wá a. "Súìtì kan. Ó wà nínú bébà ẹ̀."

"Mú un wá."

Yìnyín mú un fún un. Súìtì náà ti rọ̀, ó ti tún le, ó ti lẹ̀ mọ́ bébà. Ìyá ṣí i díẹ̀díẹ̀, ó fi èékánná yọ bébà kúrò lára ẹ̀, ó dá bébà padà sọ́wọ́ ọmọ ẹ̀, ó sì ju súìtì sẹ́nu. Ó dúró síbẹ̀, ó ń pọ́n ọn lá títí ó fi tán. Yìnyín fi bébà náà padà sínú àpò aṣọ iṣẹ́. Onídìrí ń wo ilẹ̀. Ìyá wá ní, "Máa lọ. Wọ́n ń dúró dè ẹ́."

Nígbà tó dé ọ́fíìsì, Mọ̀nàmọ́ná ti ń nu gíláàsì ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ráàmù ẹ̀ ń fò láti ìhín sí ọ̀hún bí ọ̀pọ̀lọ́, ó sì hàn pé ó ṣì ń dun ọkùnrin náà.

Yìnyín wọlé. Ó fa àga kan yọ, ó gbé e síwájú ẹ̀rọ Ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ jókòó."

"Kí n jókòó? Kí ló dé?"

"Kí n lè rí ojú yín."

Mọ̀nàmọ́ná fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò wá. Awọnlẹ̀ jókòó. Yìnyín wo ojú ẹ̀: oòrùn ti sun ún ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ojú kan kéré díẹ̀ ju èkejì lọ, bóyá torí ó ti pẹ́ tó ti ń fi í wo inú ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ó dára. Ojú ẹni tí kò fẹ́ràn nǹkan tí kò pé ni. Ó fa ráàmù yọ lápò, ó gbé e lé ihò, ó tẹ ìhín, ó tẹ ọ̀hún.

Kẹ́.

Wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Mọ̀nàmọ́ná ní ìyẹn ò túmọ̀ sí nǹkan kan, iṣẹ́ gidi ni kí wọ́n ṣe. Wọ́n ṣe iṣẹ́ gidi. Àwòrán ilẹ̀ tó pọ̀ bí ewé, pápá, òrùlé, odò, ìgbẹ́, wọ́n dà á fún ẹ̀rọ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọpọlọ ẹ̀rọ Mọ̀nàmọ́ná yára jù, kò sí àní-àní, bíríkìlà ẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́ tí iṣan yọ lára ẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ yìí, iṣẹ́ ẹrù ni, àwòrán ń lọ, àwòrán ń bọ̀, ọ̀nà méjì ò gbà á. Ọ̀dọ́ náà ń na ọwọ́, kò sí búlọ́ọ̀kù níbẹ̀. Ti Ẹ̀gbọ́n ń wúkọ́, ó ń lọ. Fáànù ẹ̀ pariwo débi pé bébà dìde lórí tábìlì. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà mẹ́rin ń kó o wá, tí wọn ò dúró, tí wọn ò sinmi, títí àwòrán ńlá náà fi yọ lójú ẹ̀rọ, odindi ilẹ̀ kan, láìsí ojú ìrán níbì kankan. Ti Mọ̀nàmọ́ná ṣì wà nínú odò.

Awọnlẹ̀ fọwọ́ lé àpótí náà. "Èyí kò lọ mọ́."

"Kò burú, mà," ni Yìnyín wí.

Mọ̀nàmọ́ná wó sórí àga. "Ìwọ ọkùnrin yìí. O kọ́ mi níṣẹ́ tán, o wá fi iṣẹ́ náà nà mí. Kí ló dé tó o fi sọ fún mi lánàá ná?"

Yìnyín ronú bó ṣe ronú ọjọ́ tí wọ́n bi í léèrè oúnjẹ. "Ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tó ṣófo," ni ó wí.

Ó rìn padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ní kọ̀rọ̀ yàrá iṣẹ́, ibi tí ẹ̀rọ wà tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ mọ́ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, eruku yí i ká. Ó dúró, ó ń wò ó. Ó retí kí ó dùn ún. Nǹkan kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó jìnnà, bí ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kú téèyàn ń fọwọ́ gbá a, tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ni.

Onídìrí yọ orí wọlé. "Bọ̀ọ̀dá, wọ́n ní ẹ borí. Ṣé kí n gbé díńgí tí mo ti rà fún yàrá yìí padà ni?"

Ìyá ló dáhùn lẹ́yìn ẹ̀. "Gbé e padà. Ṣùgbọ́n máa yà wá máa rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ò ní kí o sanwó." Ó wá yíjú sí ọmọ ẹ̀. "Ṣé o ti jẹun?"

"Rárá o, Màmá."

Ìyá dúró ṣinṣin. Ó ti pẹ́ tí ọmọ yìí ti ń sọ pé òun ti jẹun. "O ò tíì jẹun?"

"Mi ò tíì jẹun. Ebi ń pa mí."

Ìyá sáré jáde. Mo ní ó sáré o, obìnrin tí orúnkún ń dùn, ó sáré débi pé bàtà ẹ̀ ẹyọ kan ni wọ́n bá lójúde.

Yìnyín mú aṣọ iṣẹ́ lórí ìṣó, ó wọ̀ ọ́. Apá ẹ̀ kúrú, kò dé ọrùn ọwọ́. Ó fa bọ́ọ̀dù kan sún mọ́ra, èkínní nínú àwọn ẹ̀rọ ọ́fíìsì Awọnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í de súkúrú. Ariwo iṣẹ́ jáde sí òpópónà. Nígbà tó tò ó tán tó ku ráàmù kan, ó yí i lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì jù ú sápò, níbi tí bébà súìtì wà.

Ó tán. Àwọn kan ń sọ kiri pé ó sunkún lọ́jọ́ yẹn. Kò sunkún. Ó sín ni, ẹ̀ẹ̀kan péré, ìsín náà sì tan gbogbo iná tó wà ní ṣọ́ọ̀bù Mọ̀nàmọ́ná lódìkejì títì láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Kí ló dé tí ẹ ń wo ara yín? Mo ti búra o!

"Dákẹ́ ńbẹ̀!" ni ẹnì kan kígbe láàárín àwọn tó ń gbọ́ mi.

"Adìyẹ rò pé ilẹ̀ mọ́, a ò sọ̀rọ̀. Mọ̀nàmọ́ná fẹ́rẹ̀ẹ́ fi àtẹ́lẹsẹ̀ kan àjà, a gbà. Ajá bu èèyàn jẹ, ajá ló bẹ̀bẹ̀?"

"Ka eyín ẹ ná, ṣé ó ṣì pé?"

"Dìde lórí àga mi, jàre, máa lọ sílé yín."